Ìpara tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tó dákẹ́: ìfiwéra fún ẹni tó ń rajà l'Óṣogbo

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ìpara èyíkéyìí ní ọjà Ìgbọ̀nà, kí ẹ ní kí wọ́n gbé ìpara méjì tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba wá. Ẹ yí wọn sẹ́yìn, kí ẹ kà wọ́n. Ẹ ó rí nọ́ḿbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kò ní í dára mọ́, àti orúkọ àwọn èròjà rẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-tín tó ń fẹ́ awò ojú. Ara ọ̀kan ní àwòrán ehoro tó ń fò. Ara èkejì kò ní in. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fi ẹranko dán ìpara náà wò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, èyí tó ní ehoro kò sọ ọ́ délẹ̀, èyí tí kò ní ehoro kò sọ nǹkan kan, òfin Nàìjíríà kò sì fi dandan lé e fún èyíkéyìí nínú wọn pé kó sọ.

Ọ̀nà tí ayé ń gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò ju mẹ́rin lọ. Àwọn kan fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kó sọ ohun tó bá wù ú. Àwọn kan gbára lé ẹgbẹ́ aládàáni tó ń fún ilé-iṣẹ́ ní àmì. Àwọn kan fi òfin de ìdánwò náà. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí òfin má tíì de é, ṣùgbọ́n kó pa á láṣẹ fún ilé-iṣẹ́ pé kó sọ ohun tó ṣe. Èyí ni mo fara mọ́ fún Nàìjíríà, ó sì ní ibi tó ti mẹ́hẹ tí n kò ní í fi pamọ́.

Ohun tí ojú ehoro rí

Ìdánwò yìí kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1930 ní Amẹ́ríkà, aró ìpéǹpéjú kan tí wọ́n ń pè ní Lash Lure ba ojú àwọn obìnrin jẹ́, ó sì sọ àwọn kan di afọ́jú. Èròjà tó ṣe iṣẹ́ ibi yẹn ni PPD, òun náà ló sì ń mú ọ̀pọ̀ dáì irun dúdú tí à ń rà lónìí dúdú. Òfin tuntun lórí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge jáde níbẹ̀ ní 1938. Nígbà tó di 1944, John Draize àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan kalẹ̀: wọ́n á kán èròjà sí ojú kan ehoro, wọ́n á fi ojú kejì sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wéra, wọ́n á wá máa yẹ ojú náà wò lójoojúmọ́ bó ṣe ń pọ́n, bó ṣe ń wú, bí ẹyinjú ṣe ń ràn. Ti awọ ara ńkọ́? Wọ́n á fá irun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi èròjà náà síbẹ̀, wọ́n á dì í. Wọ́n yan ehoro torí pé ojú rẹ̀ tóbi, kì í báni jà, owó rẹ̀ kò wọ́n, omijé rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti tètè fọ èròjà náà dànù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni bó ṣe yí padà. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1980, Henry Spira, ẹni tó ń jà fún ẹranko, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sanwó ìpolówó tó gba ojú ìwé kan gbáko nínú ìwé ìròyìn New York Times, wọ́n bi Revlon, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣaralóge ńlá, léèrè iye ehoro tó ń fọ́ lójú nítorí ẹwà. Revlon kò rú òfin kankan. Àwọn obìnrin tó ń ra lípísítíìkì rẹ̀ ni kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ báyìí, Revlon gbé owó sílẹ̀ fún yunifásítì Rockefeller kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn, nígbà tó sì fi di 1989, àti Revlon àti Avon ti kéde pé àwọn ti ṣíwọ́. Kò sí òfin kankan tó lé wọn débẹ̀. Àṣírí tó tú ló lé wọn débẹ̀.

Àwọn kan á ní, àwa tí à ń jẹ ẹran ìgbẹ́, tí à ń pa àgbò Iléyá, kí ló kàn wá pẹ̀lú ojú ehoro? Òṣogbo kan náà tí à ń jẹ ẹja àrọ̀ lójoojúmọ́ ni ẹnikẹ́ni kì í ti í ju àwọ̀n sódò nínú igbó Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. A kì í dọdẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Ẹni tó ń jẹ ẹran lè ní ohun tí kò ní í fi ẹran ṣe. Àwọn àgbà ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Wọn kò ní ká má jẹ ẹyẹ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò sì kàn, kò sí ohun tí òfin ìkéde, èyí tó ní kí ilé-iṣẹ́ sọ ohun tó ṣe, gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ra tirẹ̀, yóò máa lọ.

Kí ilé-iṣẹ́ dákẹ́, tàbí kó fẹnu ara rẹ̀ sọ

Bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó béèrè pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn kò fi ẹranko dán èyí wò?", ìyá onísọ́ọ̀bù á dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, orígínà ni o, NAFDAC ti fọwọ́ sí i." Ìyá kò parọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ láti tà á nílẹ̀ yìí. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe nínú láàbù ní ìlú tí èròjà rẹ̀ ti wá. Ìyá onísọ́ọ̀bù kò mọ ìyẹn, ẹni tó tà á fún un ní Èkó kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó kó o gba etíkun wọlé gan-an lè má mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ibi tí mo ti mú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn: ìmọ̀ tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹni tó ń sanwó kò sì ní bó ṣe lè wá a, dandan ni kí ẹni tó ni ín sọ ọ́.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá tilẹ̀ fínnú fíndọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ máa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí ìgbà tí ẹ ń ka ìwé ilẹ̀. "A kò fi ẹranko dán ọjà yìí wò." Ọjà yìí ni ìpara tó ti wà nínú ike, wọn kò tíì sọ̀rọ̀ nípa èròjà kankan nínú rẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ wa kì í fi ẹranko dán nǹkan wò." Àwọn fúnra wọn kì í ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n lè ti sanwó fún láàbù mìíràn, ẹni tó ń ta èròjà fún wọn sì lè ti ṣe é. "A kì í ṣe é àyàfi níbi tí òfin bá ti ní ká ṣe é." Àwọn ènìyàn máa ń bínú sí èyí jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ó kúkú jẹ́wọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ṣáínà ló wà lẹ́yìn gbólóhùn ìkẹta yẹn. Ìpara tó bá fẹ́ wọ ọjà ibẹ̀ láti òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ìdánwò lára ẹranko, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ owó Ṣáínà sì gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà fún ṣáńpù, ìpara lásán àti irú wọn láti bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò náà bí wọ́n bá ní ìwé-ẹ̀rí tó yẹ. Dáì irun, ìpara adènà oòrùn àti ìpara tó ń mú ara funfun kò sí nínú àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń yá jù lórí àtẹ wa mọ̀ pé ìpara tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ohun kékeré níbí.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA fúnra rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò sí òfin tó sọ ohun tí irú àwọn gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ èròjà ni wọ́n ti fi ẹranko dán wò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, ìpara tí ìkankan nínú èròjà rẹ̀ kò kan ara ẹranko rí, ṣàṣà ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "láéláé" ń ṣe àṣejù. Ohun tó ṣeé bi ilé-iṣẹ́ ni pé: láti ọdún wo lẹ ti ṣíwọ́, ṣé ẹni tó ń ta èròjà fún yín náà ti ṣíwọ́?

Ìdàrúdàpọ̀ kan tún wà tó yẹ ká tètè yọ kúrò lọ́nà. Ìpara tí kò ní ohun ẹranko nínú yàtọ̀ sí ìpara tí wọn kò fi ẹranko dán wò. Ọṣẹ tó ní oyin tàbí ìda oyin lè jẹ́ èyí tí ẹranko kankan kò tìtorí rẹ̀ wọ láàbù. Ìpara tó jẹ́ kìkì ewé àti epo inú igi lè jẹ́ èyí tí wọ́n kán sójú ehoro.

Ehoro méjì, àti èyí tí kò ní baba

Àwọn àmì tí ẹgbẹ́ aládàáni ń fúnni sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu ilé-iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà.

Ehoro tó ń fò, èyí tí wọ́n ń pè ní Leaping Bunny, ni àjọṣe ẹgbẹ́ mẹ́jọ gbé kalẹ̀ ní 1996 fún Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹgbẹ́ Cruelty Free International ló ń fúnni ní i ní Gẹ̀ẹ́sì àti níbòmíràn. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ kan, pé láti ọjọ́ yìí lọ, kò sí ìdánwò mọ́, ìbáà jẹ́ lórí ìpara tó ti parí tàbí lórí èròjà, ìbáà jẹ́ òun ló ṣe é tàbí ẹni tó ń ta èròjà fún un. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà fún un, ó gbọ́dọ̀ tún ẹ̀jẹ́ náà jẹ́ lọ́dọọdún, ó sì gbọ́dọ̀ gbà kí olùyẹ̀wò láti ìta wá tú ìwé rẹ̀ wò.

Ti PETA, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jà fún ẹranko, ilé-iṣẹ́ á dáhùn ìbéèrè, á fọwọ́ sí ìwé pé òun àti àwọn tó ń ta èròjà fún òun kì í ṣe é, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀. Ìlérí ni wọ́n gbára lé jù. Ohun tó fi yọrí ni pé PETA ya àwọn tí kò fi ẹranko dán nǹkan wò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò tún fi ohun ẹranko ṣe èròjà, èyí tó ń ran ẹni tí méjèèjì jẹ lógún lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé méjèèjì ló wà níwájú mi, ehoro tó ń fò ni mà á mú, torí pé ẹlòmíràn ń wo ìwé rẹ̀.

Ehoro kẹta ni ẹ ó rí jù lọ́jà: ehoro tí ẹni tó ń ya lébẹ́ẹ̀lì wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì torí ó rẹwà. Kò ní orúkọ ẹgbẹ́ lábẹ́, kò sí ibi tí ẹ lè wá a sí. Ẹgbẹ́ méjèèjì tí mo sọ lókè ní orúkọ àwọn tí wọ́n fún ní àmì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti wò ó lórí fóònù. Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, ehoro náà kò ní baba.

Ibi tí àmì aládàáni ti kù díẹ̀ káàtó ni pé orúkọ ọjà ló ń tọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ẹ rántí The Body Shop, ilé-iṣẹ́ ìpara tó sọ ìjà fún ẹranko di iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́: L'Oréal, ilé-iṣẹ́ ńlá tí àwọn tó ń jà fún ẹranko ń bá wí, rà á ní 2006, ó sì wà lọ́wọ́ L'Oréal títí di 2017. Láàárín ìgbà náà, àwọn oníbàárà kan ní àwọn kò rà á mọ́ torí ibi tí èrè ń lọ, àwọn mìíràn ní ọjà náà kò yí padà, kí ni kí àwọn máa wá kiri? N kò rò pé ẹnì kan nínú wọn ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé L'Oréal ló ni ín kò lè dara pọ̀ mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ibi kejì sì ni pé ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé òun ń ṣe é kò ní í lọ bèèrè fún àmì. Àwọn tó mọ́ nìkan ni àmì ń tọ́ka sí. Àwọn tó kù wà pọ̀: àwọn tó ń ṣe é, àti àwọn kéékèèké tí kò ṣe é rí ṣùgbọ́n tí wọn kò ní àyè tàbí owó láti máa lé àmì òyìnbó kiri. Lórí àtẹ, ojú kan náà ni wọ́n ní.

Ká de é, tàbí ká ní kí wọ́n sọ?

Àwọn tó dè é kò kéré. Gẹ̀ẹ́sì ṣíwọ́ ìdánwò ohun ìṣaralóge lára ẹranko ní 1998. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union de ìdánwò ìpara tó ti parí ní 2004, wọ́n de ti èròjà ní 2009, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìṣaralóge tuntun tí wọ́n fi ẹranko dán wò nítorí òfin ohun ìṣaralóge mọ́. Íńdíà tẹ̀ lé e ní 2014, òfin California bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, Kánádà ṣe tirẹ̀ ní 2023.

Lójú ẹni tó fẹ́ràn ẹranko, ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyí. Kò parí o. Ilẹ̀ Yúróòpù kan náà ní òfin kẹ́míkà mìíràn, tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan èròjà nínú ilé-iṣẹ́. Àjọ tó ń bójú tó kẹ́míkà níbẹ̀ ní kí ilé-iṣẹ́ Symrise ti Jámánì fi ẹranko dán èròjà méjì wò, àwọn èròjà tí wọn kò lò fún nǹkan mìíràn ju ìpara adènà oòrùn àti irú rẹ̀ lọ. Symrise gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé òfin ohun ìṣaralóge kò gba èyí láyè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ dá Symrise lẹ́bi. Nítorí náà, ibi tí ìfòfindè ti le jù láyé gan-an, ìpara lè wà lórí àtẹ tí wọ́n fi ẹranko dán èròjà rẹ̀ wò, lábẹ́ òfin, tí ẹni tó ń rà á kò sì ní í mọ̀, torí ó gbà pé "wọ́n ti dè é." Ìfòfindè láìsí ìkéde máa ń fi ọkàn ènìyàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Fún àwa níbí, ìṣòro tó tún ju ìyẹn lọ wà. Ọ̀pọ̀ ohun ìṣaralóge tí à ń lò, èròjà rẹ̀ ti òkèèrè wá, òkèèrè ni wọ́n sì ti dán an wò. Bí Abuja bá de ìdánwò láàárín Nàìjíríà, ehoro tó wà ní ìlú òkèèrè kò ní í mọ̀. Bí wọ́n bá ní ká má tà á rárá, ta ni ó dúró ní etíkun tó lè wo àpótí ìpara kó sọ pé èyí gba ojú ehoro kọjá? Ìwé ni yóò béèrè. Ìwé yẹn ni ìkéde. Ẹ kò lè ṣẹ́gun ohun tí ẹ kò rí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ná.

Àmọ́ ìkéde náà lè di ẹ̀tàn bí a kò bá fojú sí ohun tí wọ́n ń kà. Òfin Amẹ́ríkà lórí ẹranko inú láàbù ti wà láti 1966, ilé ìwádìí sì ń fi iye ẹranko tí wọ́n lò ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ka eku àti ẹyẹ tí wọ́n sin fún ìwádìí mọ́ ẹranko, bẹ́ẹ̀ eku ló pọ̀ jù nínú láàbù. Ìwé á jáde, á mọ́ tónítóní, àwọn tó pọ̀ jù lọ kò sì sí nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń ka eku ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí iye tí ìjọba rẹ̀ ń gbé jáde lọ́dọọdún fi ń lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹni tó bá fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì wé ti Amẹ́ríkà láìmọ èyí yóò rò pé ìkà ni Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ire sì ni Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, àwòrán kọ́ ni mo fẹ́ kí òfin béèrè, kì í sì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́." Mo fẹ́ gbólóhùn tó pé, bí irú èyí: *A kò fi ẹranko dán ìpara yìí wò. Ẹni tó ń ta èròjà kan nínú rẹ̀ fún wa fi eku dán an wò ní ọdún báyìí, nítorí òfin ìlú báyìí. Láti ìgbà náà, kò sí.* Ẹni tó bá ka èyí mọ ẹranko wo ni, mọ ohun tí wọ́n dán wò, mọ ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é, mọ ìdí rẹ̀. Ó lè bínú, ó lè dárí jì wọ́n, owó rẹ̀ ni.

Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ gbogbo rẹ̀ sára ike tí àyè kò gbà. Ilé-iṣẹ́ tó bá wá forúkọ ìpara sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC ń kó fáìlì wá bó ṣe wà yìí. Kí ojú ìwé kan kún un, kí wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹni tó tẹ nọ́ḿbà NAFDAC ti lè kà á. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń lò, ti kọ irọ́ àti ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà lórí ọjà. Ehoro tí kò ní baba yẹn ti wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹnì kan bá lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ọjà Ọba, ọṣẹ dúdú àti tìróò

Ní ìsàlẹ̀ Ọjà Ọba, ọṣẹ dúdú wà nínú igbá, rírọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ẹni tó ń tà á á bu iye tí ẹ bá fẹ́, á fi ọ̀rá wé e. Kò sí lébẹ́ẹ̀lì, kò sí ehoro, kò sí nọ́ḿbà. Bí ẹ bá béèrè, ó á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín: eérú èèpo kòkó àti àdín, bóyá òrí. Nínú gbogbo ohun tí mo fi wéra níbí, ọṣẹ yìí ló dá mi lójú jù pé ojú ehoro kankan kò pọ́n nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni kò ní ìwé kankan tó lè fi hàn. Bí òfin ìkéde bá wá tó ní kí gbogbo ènìyàn kọ ìwé, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá á gba lọ́yà, ìyá ọlọ́ṣẹ á kúrò lọ́jà. Ibi tó ti mẹ́hẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ohun tí mà á ṣe sí i ni kí dandan náà wà lórí àwọn tó ń kó ọjà wọlé àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra èròjà kẹ́míkà lọ́pọ̀, kí ẹni tó ń fi eérú àti àdín po ọṣẹ bọ́ níbẹ̀.

Àwọn tó ń po ìpara nínú ilé, tí wọ́n ń da ìpara òyìnbó mẹ́ta mọ́ra tí wọ́n sì ń pè é ní ti ìbílẹ̀, n kò kà wọ́n mọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ. Ohun tó wà nínú ìpara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú tiwọn, pẹ̀lú gbogbo ìdánwò tí wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé nǹkan kò kan ẹranko kó rò pé kò lè ṣe òun ní jàǹbá. Tìróò wà lórí àtẹ kan náà. Kò sí láàbù tó kán an sójú ehoro kó tó dé ojú àwọn ìyá wa. Lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan. Ìwádìí fi hàn pé tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, òjé sì ni ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà. Ojú ọmọ ni wọ́n fi dán an wò. Àyẹ̀wò kẹ́míkà lásán, láìfọwọ́ kan ehoro kan, ti tó láti rí òjé yẹn.

Ọ̀nà mìíràn sì ti pọ̀ sí i. Wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn hu awọ ara nínú láàbù báyìí, wọ́n ń fi èròjà sí i láti mọ̀ bóyá yóò ta ara. Wọ́n tún ń lo ẹyinjú màlúù tí wọ́n gbà ní odò ẹran lẹ́yìn tí wọ́n ti pa màlúù tán fún jíjẹ. OECD, àjọ kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé ìlànà ìdánwò rẹ̀, ti fọwọ́ sí méjèèjì. Ẹyinjú màlúù yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé ní odò ẹran tiwa níbí, bóyá la máa rí èyí tó ṣẹ́ kù fún láàbù.

Oògùn ńkọ́?

Mi ò ní kí wọ́n kọ ọ́ sára oògùn. Oògùn òyìnbó tó wà nílé ìwòsàn, òfin ló ní kí wọ́n fi ẹranko dán an wò. Oṣù kejìlá ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí òfin tirẹ̀ padà kí wọ́n lè mú ẹ̀rí mìíràn wá dípò rẹ̀. Bí gbogbo páálí bá ń sọ ohun kan náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi yàn, a ó kàn máa dẹ́rù ba aláìsàn ni. Lípísítíìkì ṣeé fi sílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ṣeé fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń rà á lọ́la

Òfin tí mò ń sọ kò tíì sí, ọ̀la sì ni ẹ fẹ́ ra ìpara. Bí ọ̀kan bá ní ehoro tó ń fò tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, ẹ mú un ṣáájú èyí tó ní ti PETA, kí ẹ sì mú ti PETA ṣáájú èyí tó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ehoro tí kò ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí dáì irun tàbí ìpara tó ń mú ara funfun bá ní òun kì í fi ẹranko dán nǹkan wò, tí wọ́n sì ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ṣáínà, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ fi díẹ̀ pa inú ìgúnpá yín kí ẹ dúró di ọ̀túnla, pàápàá dáì tó ní PPD.

Bí kò bá sí àmì kankan lára méjèèjì, ímeèlì ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà lẹ́yìn ike. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sí wọn: ọdún wo lẹ fi ẹranko dán ìpara yìí tàbí èròjà rẹ̀ wò kẹ́yìn, ta ni ó ṣe é, ìlú wo sì ni òfin ti ní kí ẹ ṣe é? Èyí tó bá fi àwòrán ọjà tuntun àti ẹ̀dínwó dá yín lóhùn, ẹ ti mọ èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀. Èyí tó bá dárúkọ ọdún, tó dárúkọ ìlú, tó sì gbà pé òun ṣe é rí, òun ni kí ẹ rà, kódà bí kò ní ehoro kankan lára.